Òkú Oníbọ̀sẹ̀ ti Ìlú Àná

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọn ó fi gbé mi relé ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí báyìí, nígbà tó jẹ́ pé orí imú mi gan-an ló wà. Kì í ṣe pé ọjọ́ náà dára. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yẹ: ó dára níkẹyìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dára kì í ṣe èyí tí mo lè júwe fún àwọn ọmọ iléèwé.

Ìgbà tí ṣòkòtò bóńgò gbòde ni, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi í gbálẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Ajah. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Lẹ́kí lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ilé alájà yẹn rẹ́ lọ́kàn yín, bí ìgbà tí a bá nu pátákó ìkọ̀wé. Ẹ wá fi igi àgbọn, àbàtà, iyanrìn àti ẹ̀fọn rọ́pò wọn. Ẹ fi ẹ̀fọn kún un díẹ̀ sí i. Ó ti tó.

Ní iléèwé yẹn ni mo ti pàdé Rísíkátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ àwọn apẹja létí ọ̀sà ni. Bí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni bàbá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́ ni Bàbá Rísí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti yá ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí ẹni tó yá a kò dá a padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí i pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wò mí láti orí dé bàtà, ó ní, "Ìwọ ará òkè yìí, kí lo mọ̀ nípa àwa?"

Ìbàdàn ni mo ti wá. Lójú wọn, ẹnikẹ́ni tí kò bá lè wa ọkọ̀ ojú omi kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń rìn, ará òkè ni.

Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹja yín dùn, sà."

Ó mi orí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tí mo sì fi ẹja dáhùn!

Mo wá pinnu pé n ó lọ wo Ìlú Àná. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú wọn àtijọ́ nìyẹn. Ní ayé àwọn bàbá wọn, etí ọ̀sà gan-an ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá kí wọn nínú yàrá. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n kó ọmọ, wọ́n ṣí lọ sókè, sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ògiri, kànga àti igi àgbọn ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀sán bá kanrí, èèyàn lè gbọ́ ìró odó níbẹ̀ láìrí ẹni tó ń gúnyán. Èmi kò gba ìyẹn gbọ́ o. Ọ̀mọ̀wé ni mí nígbà náà. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni mo di èèyàn lásán.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Rísí wá bá mi ní kíláàsì. Ó ní, "Àwọn èèyàn mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì. Wọ́n fẹ́ fún yín lésì. Ẹ tún ilé ṣe o."

Inú mi dùn. Mo ní, "Kò burú. Láàárọ̀ Sátidé kan náà, n ó lọ sí Ìlú Àná. Kàmórù yóò ya mí ní fọ́tò níwájú ilé bàbá ńlá yín. Bí Bàbá bá dé, fọ́tò náà ni n ó kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́. Wọn yóò mọ̀ pé mo mọ orírun wọn."

Ojú Rísí yí padà. "Ẹ má lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà má lọ."

"Ṣé nítorí iwin ni?"

"Ẹ̀yin náà! Àbí gbogbo nǹkan ló pọn dandan kí wọ́n ṣàlàyé fún tíṣà? Mo ní kí ẹ má lọ."

Ó jáde. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé ọmọbìnrin náà ń bẹ̀rù òkú ni, ó fẹ́ dáàbò bò mí. Ẹ wo bí ìgbéraga ṣe máa ń fi agbádá ìfẹ́ bora.

Kàmórù ọ̀rẹ́ mi ni onífọ́tò kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò wa nígbà náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù pákó kan tí ó ya ọkọ̀ òfurufú sí ara ògiri rẹ̀, kí àwọn tí kò tíì kúrò ní Ajah rí lè ya fọ́tò bí ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní bí a bá tètè dé, òun yóò fọ fọ́tò náà kí àwọn àlejò tó dé. Ó yá ọkọ̀ kékeré kan, ó sì mọ̀ ọ́n wà. Mo wọ aṣọ tí mo fẹ́ fi gba àlejò lọ́sàn-án: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì pupa, ṣòkòtò bóńgò térélìn aláwọ̀ ewé, bàtà dúdú, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún, tí Rísí rà fún mi.

Kàmórù wò mí bí mo ti ń wọnú ọkọ̀. "Tíṣà, ṣé ìlú ahoro là ń lọ ni àbí ìgbéyàwó?"

Mo ní, "Kàmórù, ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́dọ̀ múra."

Ó ní, "Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kò lójú mọ́ o."

A gúnlẹ̀ sí Ìlú Àná nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Kàmórù fò sílẹ̀, ó tẹ gbòǹgbò igi kan, ó bọ́ sórí iyanrìn. Èmi náà fò. Gbòǹgbò tí mo rí kì í ṣe gbòǹgbò. Òjìji gbòǹgbò ni. Mo wọ inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, *pọ̀ọ̀*, mo sì dúró ṣánṣán níbẹ̀ bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Táì mi nìkan ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Kàmórù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó fà mí jáde tán, ṣòkòtò mi ti yí láti ewé sí dúdú. Mo bọ́ ọ, mo fọ̀ ọ́ nínú omi ọ̀sà, mo fọ bàtà, mo fọ ìbọ̀sẹ̀. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ni mo tún wọ̀ padà, nítorí ẹ̀gún pọ̀ nílẹ̀, mi ò sì fẹ́ fara pa lọ́jọ́ ayọ̀ mi. Ṣòkòtò ni mo tẹ́ sí iwájú ọkọ̀ kí ó lè gbẹ. Àwọn apẹja kan ti fi àwọ̀n ògbólógbòó kọ́ sára igi níbẹ̀. Mo mú un, mo ró o mọ́ ìdí. Àwọ̀n kò bo ohun púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá ká a ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sàn ju òfìfo lọ.

Kàmórù fẹ́ so ọkọ̀. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn Síkáòtù ní bí a ṣe ń so okùn." Mo so ó. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé fún un bí mo ti ń so ó, pé irú kókó yìí, bí a bá ṣe ń fà á ni yóò máa le sí i.

A wọ àárín ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ibẹ̀ lẹ́wà. Alápà dúró lọ́tùn-ún, alápà dúró lósì, ewé ti hù láti inú fèrèsé. Igi àgbọn kan ti la àárín pálọ̀ ẹnì kan kọjá lọ sókè. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọ inú àwọn yàrá tí kò ní òrùlé mọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn fún Kàmórù ni awọ́nríwọ́n ńlá kan sáré já láàárín ẹsẹ̀ mi, tí èmi àti àwọ̀n mi sì fò sókè papọ̀.

Kàmórù ní, "Bàbá ńlá wọn ti kí ọ o!"

Mo ní kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ àlùfànṣá níbi àwọn àgbà. Ibẹ̀ la wà tó fi bojú wẹ̀yìn, tó wo etí omi, tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Tíṣà. Kókó rẹ yẹn, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le?"

Mo yíjú. Ọkọ̀ wa ti wà lórí omi, ó ń lọ jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Ṣòkòtò mi sì wà níwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

Kàmórù gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó sáré gba etí omi lọ, pé ibi tí ilẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà lọ́ọ̀ọ́kán, òun yóò lè mú un níbẹ̀. Ó pariwo sẹ́yìn, "Dúró síbẹ̀ o! Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́!"

Mo dúró. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn èèyàn láti apá kejì ìlú náà. Kì í ṣe ohùn odó. Ohùn èèyàn gidi, ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rọra yọjú láti ẹ̀gbẹ́ alápà.

Bàbá Rísí ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nínú aṣọ funfun. Lẹ́yìn wọn ni Màmá Ẹlẹ́ja, ẹ̀gbọ́n Bàbá Rísí, arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó ń fi ọ̀pá rìn. Rísí fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó bo orí, ó ru ìkòkò omi.

Àwọn àna mi ni. Àwọn àna mi ń bọ̀ wá bá mi, mo wọ táì, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, láàárín méjèèjì, àwọ̀n ẹja.

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Èmi wọ inú alápà tó sún mọ́ mi jù, mo fara mọ́ ògiri, mo mú èémí sínú. Mo rò ó pé wọn yóò kàn kọjá ni. Wọn kò kọjá. Iwájú ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti dúró. Nínú gbogbo alápà tó wà ní Ìlú Àná, ilé bàbá ńlá wọn ni mo yàn.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe Fátíhà. Rísí da omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Rísí wá gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ni Ìlú Àná, àwa ọmọ yín la dé. Bí a ti ń ṣe é kí ọmọbìnrin wa tó relé ọkọ náà la wá ṣe. Rísíkátù yìí ti rí ọkọ. Tíṣà ni. Ará òkè ni, kò mọ omi, ẹja nìkan ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò níwà burúkú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ó bi yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ fọhùn fún wa láti inú ilé: ìbáà ṣe ewúrẹ́ ló ké, ìbáà ṣe ògiri ló wó, ìbáà ṣe àgbọn ló já. Ẹyẹ nìkan la yọ sílẹ̀, nítorí ẹyẹ kì í panu mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ, ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́, a ó fún un. Bí ẹ bá fọhùn, a ó kọ̀ ọ́."

Ó wá yé mi. Ìdí nìyẹn tí Rísí fi ní kí n má wá. Ìdí kan náà ni kò ṣe lè ṣàlàyé: ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò bi àwọn baba. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé láyé àtijọ́, àwọn ọkọ ìyàwó kan máa ń rán èèyàn lọ fara pamọ́ síbẹ̀ láti dí ewúrẹ́ lẹ́nu.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìgbéyàwó mi wà lórí ìdákẹ́jẹ́ inú ilé kan, èmi nìkan sì ni ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ilé náà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tún ṣàṣìṣe. Kì í ṣe èmi nìkan. Bí Bàbá Rísí ti ń sọ ìbéèrè kìn-ín-ní, mo wo ilẹ̀, mo rí i pé orí ojú ọ̀nà ìjàlọ ni mo dúró sí.

"Ẹ̀yin baba wa, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Ìjàlọ ti ń gun bàtà. Wọ́n dé orí ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà nípọn, Ọlọ́run bù kún Rísí, wọn kò rí ara jẹ níbẹ̀. Wọ́n ń gòkè lọ ní ẹ̀sọ̀, bí àwọn ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Ìdákẹ́jẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Alihamudulilahi."

"Ẹ̀yin baba wa, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Wọ́n ti dé ibi tí ìbọ̀sẹ̀ parí sí. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ mí lẹ́yìn orúnkún. Mo gé ètè mi jẹ. Ẹni kejì bọ́ sínú àwọ̀n. Àwọ̀n tí mo ká ní ìlọ́po-ìlọ́po yẹn, bí àtẹ̀gùn ló rí fún wọn, yàrá lórí yàrá. Mo ti táì bọ ẹnu, mo gé e mọ́ eyín. Omi ń dà lójú mi. Mo ń ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ nínú ọkàn mi, mo dé orí méje, mo ṣì í, mo tún un kà. Ìdákẹ́jẹ́.

Bàbá Rísí mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń rọ̀. "Ẹ̀yin baba wa, lẹ́ẹ̀kẹta, ó tán. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Mi ò lè sọ ibi tí ìjàlọ náà ti jẹ mí. Àwọn ọmọ kéékèèké lè máa ka ìwé yìí. Mo kàn mọ̀ pé táì jábọ́ lẹ́nu mi, ilé bàbá ńlá wọn sì fọhùn:

"Yéèèè! Mo kú o!"

Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ funfun fò lọ́tùn-ún, aṣọ funfun fò lósì. Fìlà wà nílẹ̀, ìkòkò omi fọ́. Nígbà tí mo fi yọjú, àbúrò Bàbá Rísí kan ti wà nínú ọkọ̀, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wa ọkọ̀ ọ̀hún, ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, nítorí wọn kò tíì tú okùn rẹ̀. Okùn tiwọn, wọ́n so ó dáadáa.

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ rò ó wò. Kò sí ẹni tó rí mi. Bí mo bá dákẹ́, ìtìjú mi yóò kú sínú alápà yẹn, èmi yóò sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn baba ti fọhùn, wọn yóò kọ̀ mí, Rísí yóò sì fẹ́ ẹlòmíràn tí ìjàlọ kò mọ̀ rí. Mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún létí omi. Ẹkún yẹn dùn mí ju ìjàlọ lọ. Mo bẹ́ jáde.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Èmi ni!"

Òkú tí ń ké láti inú ilé dẹ́rù bani. Òkú tó jáde tí ń jó, tó ń gbá ara rẹ̀ ní itan, tó wọ táì, tó tún ní èmi ni, ẹ̀rù tirẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n tún sáré sí i. Màmá Ẹlẹ́ja nìkan ni kò sáré, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó jókòó lórí òkúta, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi, ó wò mí fínnífínní, láti òkè wá sílẹ̀, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi.

Ó ké pe àbúrò rẹ̀, Bàbá Rísí, ní orúkọ: "Láwàní! Ẹ padà wá. Òkú kì í wọ ìbọ̀sẹ̀."

Rísí ló kọ́kọ́ padà. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ náà, ó wò mí lójú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Yé, Màmá. Èmi ni mo rà á."

Bàbá Rísí dé. Ó ń mí hẹlẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ti wà. Ó dàbí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan púpọ̀, ó wá sọ díẹ̀: "Tíṣà. Kí lo wá dí lẹ́nu níbí?"

"Bàbá, mi ò wá dí nǹkan kan lẹ́nu, sà. Mo wá kọ́ nípa yín ni."

"Pẹ̀lú ìdí àwọ̀n?"

"Ṣòkòtò mi ti bá ọkọ̀ lọ, sà."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìgbà kẹta, ilé fọhùn. A ò lè fún un."

Màmá Ẹlẹ́ja tutọ́ sílẹ̀. "Láwàní, ṣé etí rẹ ló fọ́ ni? Ta la bi? Àwọn baba la bi. Ṣé àwọn baba ló fọhùn? Òkú wo ló máa ń sọ fún èèyàn pé òun ti kú? Ṣebí ó yẹ kó ti mọ̀!"

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ní, "Màmá, ó lè jẹ́ pé ó wá ṣe màgòmágó."

"Ẹni tó wá ṣe màgòmágó kí ilé lè dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún pariwo? Bí òmùgọ̀ ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe bí olè. Òmùgọ̀ a máa dára lọ́kọ, ọkọ tèmi ńkọ́?" Ó gbé ọ̀pá sókè. "Ẹ tún un bi. Kí òun náà dúró síbẹ̀, níwájú wa, ká rí ẹnu rẹ̀."

Bàbá Rísí rò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá gbọ́ *pín*, ó tán."

Wọ́n mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ńlá wọn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé àwọn ìjàlọ kò tíì bọ́ kúrò nínú àwọ̀n. Mo ti gbá àwọn kan dànù, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti wọ inú yàrá lọ́hùn-ún, inú sì ń bí wọn. Gbogbo ojú ń wò mí. Mi ò lè jó, mi ò lè yún ara, mi ò lè gé táì jẹ.

"Ẹ̀yin baba wa, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo wo Rísí. Rísí wò mí. Ó rí i pé ìbàdí mi ń gbọ̀n, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì rọra mi orí: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un mọ́ra. Mo mú un mọ́ra. Mi ò ké, mi ò mira. Omijé nìkan ni mi ò lè dá dúró. Ó ń ṣàn, ó ń kán sórí táì, ó ń kán sílẹ̀ níwájú ilé. Ìdákẹ́jẹ́ Ìlú Àná gùn bí ọdún ìyàn.

Bàbá Rísí gbé ojú sókè, ó rí omijé náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ kan apá Màmá Ẹlẹ́ja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wo ọmọ ará òkè. Ó ń sunkún nítorí àwọn baba wa."

Ó wá sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ lé èjìká mi, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ìjàlọ kan ti gòkè dé abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ó jẹ mí. Mo sunkún sí i. Bàbá Rísí náà bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ọmọ mi, ó tó. Ó tó. Wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Kàmórù wa ọkọ̀ wa dé pẹ̀lú ṣòkòtò mi lọ́rùn rẹ̀. Ó rí mi tí mo wọ táì, àwọ̀n àti ìbọ̀sẹ̀, tí èmi àti Bàbá Rísí di mọ́ra tí a ń sunkún níwájú alápà. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Onífọ́tò gidi ni. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó yà á.

Wọ́n fún mi ní Rísí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí mo ti wọ ṣòkòtò. Láti ìgbà náà, òkú oníbọ̀sẹ̀ ni orúkọ mi nínú ìdílé wọn. Bí ọmọdé bá ń pariwo, wọn a ní kí ó dákẹ́ kí òkú oníbọ̀sẹ̀ má wá gbé e. Tí mo bá wọlé, àwọn ọmọ náà a kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò le. Bí obìnrin tó mọ ilẹ̀ bá ní kí o má lọ, má lọ. Àlàyé yóò dé lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe tètè pe ìlú kankan ní ahoro. Àwọn tó ni ín lè ti ṣí kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì máa padà wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé, kí ẹni tó ń kọ́ni ní okùn síso kọ́kọ́ dán an wò lára ọkọ̀ tí kò gbé ṣòkòtò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Láti ọjọ́ tí mo ti di tíṣà, mi ò tíì jẹ́ kí àṣìṣe ẹnikẹ́ni kọjá lójú mi. Mo ti ṣàtúnṣe fún ọ̀gá iléèwé, mo ti ṣàtúnṣe fún ìmáàmù, mo ti ṣàtúnṣe fún ẹni tó kọ pátákó ọjà. Ṣùgbọ́n Bàbá Rísí gbé fọ́tò yẹn kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, gbogbo àlejò tó bá wọlé ni ó sì máa ń fi hàn, tí yóò máa wí pé, "Ẹ wo àna mi. Ó sunkún fún àwọn baba wa." Èmi a jókòó síbẹ̀, n ó tẹ orí ba, n ó sì dákẹ́. Rísí a jáde lọ sí ìdáná kí ó lè rí ibi rẹ́rìn-ín.

Bàbá ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ báyìí. Wọ́n wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ṣojú wọn, wọn yóò sì ti sọ fún un. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó nìkan, mo máa ń rò ó pé ẹ̀rín rẹ̀ tí wọ́n yá lọ́jọ́sí, wọ́n ti dá a padà fún un níbẹ̀. Èmi náà a sì bú sẹ́rìn-ín, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹ̀yìn orúnkún mi.